Àwọn Obìnrin Ìbàdàn Tí Ẹ Fò Dá

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí àwọn ògbóǹtarìgì tó kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì dùn mí. Àwọn òǹkọ̀wé tí ẹ dárúkọ, Achebe, Ṣóyínká, Okigbo, Clark: ọkùnrin ni gbogbo wọn.

Grace Alele-Williams ńkọ́? Ìṣirò ló kọ́ ní Ìbàdàn, láyé ìgbà tí ọ̀pọ̀ òbí ṣì gbà pé ilé ọkọ ni ìwé ọmọbìnrin ń parí sí. Ó gboyè jáde ní 1954. Ní 1963, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago. Obìnrin Nàìjíríà kankan ò tíì gbà á rí. Nígbà tó di 1985, wọ́n fi í jẹ gíwá Yunifásítì Benin, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Irú ẹni báyìí lẹ fò dá!

Ẹ tún gbàgbé Flora Nwapa, tí ìwé rẹ̀, Efuru, jáde ní 1966, àti Mabel Ṣẹ́gun, tó kọ̀wé fáwọn ọmọdé, tó tún gbá tẹ́níìsì orí tábìlì fún Nàìjíríà.

Ọdún méjì péré ni Ṣóyínká lò ní Ìbàdàn kó tó kọjá sí Leeds, níbi tó ti gboyè. Ẹ kà á mọ́ wọn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwáwí wo wá ni ẹ ní fún àwọn obìnrin tó kàwé yege níbẹ̀?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ nípa wọn nínú àtẹ̀jáde tó ń bọ̀, kí ẹ sì fi àwòrán wọn sí i.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Bódìjà, Ìbàdàn.