Ta ló ń pe ọmọ yín ní olódo?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká fi òṣèlú sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ta ló fẹ́ẹ́ dupò, ta ló ti sá kúrò nínú ẹgbẹ́, ẹ máa rí ìyẹn kà lójú ewé mìíràn. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni mo gbé wá, àwọn tó ń wọ yunifọ́ọ̀mù jáde láràárọ̀, tá à ń fún lówó oúnjẹ, tí wọ́n bá sì dé lọ́sàn-án, tá a bi wọ́n pé báwo niléèwé, wọ́n á ní, "Ó dáa." Ó dáa kẹ̀? Àwọn kan wà nínú wọn tí kò dáa fún rárá, wọn ò kàn mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ ni.

Nínú oṣù kẹrin, ọdún 2024, fídíò kan jáde láti Abuja tó gba ìgboro kan. Ọmọbìnrin kan ló wà níbẹ̀, nílé ẹ̀kọ́ aládàáni tí owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré, tí akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ ẹ̀ ń fọ́ ọ létí, táwọn yòókù sì ń wòran. Ariwo ta. Wọ́n ti iléèwé náà pa fún ọjọ́ mẹ́ta, mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin nígbà náà dá sí i. Gbogbo wa la bínú, gbogbo wa la ṣépè. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan: ṣé ìgbà tọ́wọ́ bá balẹ̀ sétí ọmọ nìkan ni ìyà bẹ̀rẹ̀? Níbi tó pọ̀ jù, kí ọmọ kan tó gbọ́wọ́ sókè sí ọmọ kejì, ó ti fẹnu lù ú tipẹ́. Ó ti sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí gbogbo kíláàsì bá ti ń pe ọmọ lórúkọ ẹ̀sín, tẹ́nikẹ́ni ò sì bá wọn wí, ọmọ náà ti di ìlù ìta nìyẹn, ẹni tó bá wù á lè lù ú.

Ẹ̀yin náà mọ àwọn orúkọ yẹn. Olódo. Akólòlò. Odi. Ọrọbọ. Ọmọ òkú ọ̀run. Ní tiwa-n-tiwa l'Ọ́ṣun Ìgbómìnà níhìn-ín, láti Ìlá dé Òkè-Ìlá dé Ọ̀rà, orúkọ kan tún wà tọ́mọ wa máa ń gbà tó bá kọ́kọ́ dé Ìbàdàn tàbí Èkó: ará oko. Kí ló fà á? Ó fi ohùn Ìgbómìnà dáhùn ìbéèrè tíṣà, ohùn ẹ̀ ò sì dà bíi tàwọn tó kù. Wọ́n á máa sín in jẹ, wọ́n á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, títí tọ́mọ yóò fi pinnu pé òun ò ní í nawọ́ mọ́ ní kíláàsì. Ọmọ tó mọ ìdáhùn ló panu mọ́ yẹn o. Tó bá wá di ìparí sáà, tíṣà á kọ ọ́ sínú káàdì pé ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀.

Níbo làwọn ọmọ ti kọ́ ọ? Ẹ má bínú sí mi, ọ̀dọ̀ àwa àgbà ni. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bàbá tó bá gba èsì ìdánwò lọ́wọ́ ọmọ, tó wò ó, tó ní, "Orí ẹ ò pé, ìyá ẹ lo jọ," ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ, àmọ́ èèyàn méjì ló pa. Nígbà tí mo wà ní pírámárì, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa tó máa ń kólòlò. Tó bá ti fẹ́ẹ́ kàwé sókè, ọ̀rọ̀ á há sí i lọ́fun. Tíṣà ló kọ́kọ́ sín in jẹ, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pe orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Kí sáà yẹn tó parí, ó ti ń sá níléèwé. Ìgbà tá a fi máa ṣèdánwò àṣekágbá, ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ló wà. Iṣẹ́ mẹkáníìkì kì í ṣe iṣẹ́ ìtìjú, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé kì í ṣe òun ló yàn án, ẹ̀rín ló lé e débẹ̀.

Àwọn tó gbọ́n ti rí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú kí fídíò tó dé. Ẹ rántí Olóyè J. F. Ọdúnjọ, ẹni tó kọ Aláwìyé tí ọ̀pọ̀ wa fi mọ ìwé Yorùbá kà. Ọmọ Ìbarà l'Abẹ́òkúta ni, wọ́n bí i lọ́dún 1904, ó sì kú lọ́dún 1980. Iṣẹ́ tíṣà ló ṣe kó tó di mínísítà nílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn láyé Awólọ́wọ̀, ìyẹn ni pé ó ti fojú ara ẹ̀ rí báwọn ọmọ ṣe ń ṣe síra wọn. Àwọn tó mọ Aláwìyé pọ̀ bí yanrìn, àmọ́ ìba èèyàn díẹ̀ ló ń rántí mọ́ pé ọkùnrin yìí kan náà kọ ìtàn àròsọ méjì tó jáde lọ́dún 1964: Ọmọ Òkú Ọ̀run àti Kúyẹ̀.

Ọmọ Òkú Ọ̀run ni ìtàn ọmọ tí ìyá ẹ̀ kú, tó bọ́ sọ́wọ́ orogún ìyá ẹ̀, tójú ẹ̀ rí màbo. Ẹ tiẹ̀ kọ́kọ́ wo àkọlé yẹn ná. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń gún ọmọ aláìníyàá lára láàárín agboolé ni òǹkọ̀wé mú, ló bá gbé e síwájú ìwé gbàǹgbà, kí gbogbo wa lè fojú wa wò ó, ká sì mọ bó ṣe ń dun ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ sí.

Kúyẹ̀ tún wá jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ òrukàn ni Kúyẹ̀. Kò gbọ́ràn, kò sì lè sọ̀rọ̀. Àwọn ẹbí tó yẹ kó ṣaájò ẹ̀ ló ń fìyà jẹ ẹ́. Kò ní baba tó máa gbèjà ẹ̀, kò sì ní ẹnu tó máa fi ròyìn ohun tójú ẹ̀ ń rí. Ìyà ọ̀hún pọ̀, ọ̀nà ẹ̀ sì jìn, kó tó di pé etí ẹ̀ là tí ahọ́n ẹ̀ sì tú.

Ibi tí mò ń bọ̀ gan-an nìyí, ẹ bá mi fara balẹ̀. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá ń fòòró níléèwé, Kúyẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ dà. Etí ẹ̀ gbọ́, ahọ́n ẹ̀ dá ṣáṣá, síbẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bú u ti wọ inú ẹ̀, ó ti lé ọ̀rọ̀ tiẹ̀ jáde. Tẹ́ ẹ bá ní, "Kí ni wọ́n fi ṣe ẹ́?" á ní kò sí. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Ojú ló ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á pé tóun bá sọ ọ́, ìyà á di méjì. Ọmọ bẹ́ẹ̀ ò ní í lè sọ pé, "Wọ́n ń fìyà jẹ mí," àmọ́ tó bá ti ka ìtàn Kúyẹ̀, ó lè sọ pé, "Bí wọ́n ṣe ṣe Kúyẹ̀ ni wọ́n ń ṣe mí." Iṣẹ́ tí ìwé ìtàn ń ṣe nìyẹn tí pàṣán ò lè ṣe, tí àpérò àwọn òbí náà ò sì lè ṣe. Ó ń yá ọmọ ní ọ̀rọ̀ títí dìgbà tó máa ní tiẹ̀.

Kì í ṣe nílẹ̀ Yorùbá nìkan ni wọ́n ti mọ èyí. Lọ́dún 1985, Chukwuemeka Ike kọ The Bottled Leopard, ìtàn ọmọ kan tó ń jẹ́ Amobi tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tuntun, tó sì bá àwọn síníọ̀ tó ń jẹ gàba lé àwọn ọmọ tuntun lórí pàdé. Ẹni tó bá gbé inú họ́sítẹ́ẹ̀lì rí nílẹ̀ yìí ò nílò ẹni tó máa túmọ̀ ìyẹn fún un. L'Amẹ́ríkà náà, R. J. Palacio gbé Wonder jáde lọ́dún 2012, lórí ọmọ kan tí ojú ẹ̀ yàtọ̀ sí tàwọn ẹlòmíì látìgbà tí wọ́n ti bí i, tó sì fẹ́ẹ́ wọ iléèwé fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n fi ṣe fíìmù lọ́dún 2017. Mo rí àwọn òbí wa tí wọ́n ń ra Wonder fọ́mọ l'Ékòó. Kò burú. Àmọ́ ọjọ́ ti pẹ́ tí Kúyẹ̀ ti wà nílé, bó ṣe ju ogójì ọdún lọ kí Wonder tó dé.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti fẹ́ kí tíṣà tó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kúyẹ̀ dúró díẹ̀. Nínú ìwé náà, ahọ́n tú, etí là, ayọ̀ dé. Ọmọ adití tó wà ní kíláàsì yín lónìí lè má gbọ́ràn títí ayé. Ṣé ìgbà tó bá gbọ́ràn la máa tó bọ̀wọ̀ fún un ni? Rárá o. Ó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ sì ni. Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí nínú oṣù kìíní, ọdún 2019, sọ pé ẹni tó bá ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ nítorí ipò tó wà lè san ọgọ́rùn-ún kan ẹgbẹ̀rún náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kó gba méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹ̀fẹ̀.

Ẹ̀ẹ́ ní, "Ìwọ akọ̀ròyìn yìí, ṣé àwọn ọmọ ò wá gbọdọ̀ bá ara wọn ṣẹ̀fẹ̀ mọ́ ni?" Wọ́n gbọdọ̀ ṣe é! Yorùbá tí kò mọ ẹ̀fẹ̀, ara ẹ̀ ò yá. Ẹ ka Ogún Ọmọdé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé jáde lọ́dún 1990, ẹ máa rí báwọn ọmọ abúlé ṣe ń bára wọn ṣeré tó fi dùn mọ́ni. Àmọ́ ìyàtọ̀ wà, kò sì ṣòro mọ̀. Ẹ̀fẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀: o sọ sí mi, mo sọ sí ẹ, àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìfòòró ò ní àbọ̀: ẹnì kan ló ń sọ ọ́, ẹnì kan ló ń gbà á, lónìí, lọ́la, lọ́túnla, ẹni tó ń gbà á ò sì rẹ́rìn-ín. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ọmọ kan ṣoṣo ni ẹ̀rín ń dá lé lójoojúmọ́, ẹ má pè é ní eré mọ́.

Àwa Ìgbómìnà, yálà a wà l'Ọ́ṣun níhìn-ín tàbí Kwara lọ́hùn-ún níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí jù, a mọ ohun tí wọ́n sọ nípa orúkọ wa. Àwọn baba wa ní Odùduwà gbé àdá kan tó ń jẹ́ Ogbó fún Ọ̀ràngún, àdá náà ló ń la ọ̀nà fún un nínú igbó, ni wọ́n fi ń sọ pé Ogbó mọ̀nà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Ó lè lanà fọ́mọ. Tó bá wà lọ́wọ́ ẹni tí kò bìkítà, ọmọ náà ló máa ṣá.

Nítorí náà, mo ní iṣẹ́ méjì tí mo fẹ́ẹ́ rán. Àkọ́kọ́, ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ n'Ílá-Ọ̀ràngún, àti gbogbo irú ẹ̀ káàkiri ilẹ̀ wa. Àwọn tó ń gba NCE níbẹ̀ ló ń lọ kọ́ àwọn ọmọ wa ní pírámárì àti JSS. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú Kúyẹ̀ àti Ọmọ Òkú Ọ̀run dání lọ. Kí wọ́n má kàn bi àwọn ọmọ pé ta lẹ̀dá ìtàn, kí ni kókó ọ̀rọ̀, kí wọ́n dákọ sínú ìwé. Kí wọ́n bi wọ́n pé: ta ni Kúyẹ̀ ní kíláàsì yìí? Kí wọ́n má pe orúkọ ẹnikẹ́ni, kí kálukú kàn rò ó nínú ara ẹ̀. Kí tíṣà náà sì rò ó, nítorí tíṣà tó ń pe ọmọ ní olódo ti fún gbogbo kíláàsì níwèé àṣẹ.

Iṣẹ́ kejì, ẹ̀yin òbí ni mo rán an sí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, tó ti rẹ̀ yín tẹnutẹnu. Mo mọ̀ pé ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń bi ọmọ ni pé ipò kelòó lo ṣe. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún alẹ́ ọjọ́ kan péré. Ẹ mú ọmọ jókòó, ẹ gé ẹran fún un, kẹ́ ẹ bi í wẹ́rẹ́ pé, "Kí ni wọ́n ń pè ẹ́ níléèwé?" Tó bá dárúkọ tẹ́ ẹ sọ ọ́, ẹ dúpẹ́. Tó bá dárúkọ mìíràn, tàbí tó wolẹ̀ tí kò dáhùn, ẹ má pariwo, ẹ má sì sọ fún un pé kó lọ gbẹ̀san. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ bá a délé ìwé.