Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: TÀDÁWÀ PUPA

Ọ̀ràn tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ó dùn mọ́ mi láti sọ, nítorí èmi gan-an ni yóò bá wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gba agbolé àwọn ẹlòmíràn níyànjú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò yẹ kí ó máa fi ẹ̀bi tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ẹní.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa, ẹni tí ń lẹ táyà ọkọ̀ létí títì, mú ìwé kan tọ̀ mí wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá Tíṣà, ìtàn kan ni mo ń kọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá ó lè di ìwé." Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì náà ń rìn bí Yorùbá. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tí ìyá rẹ̀ fi ohùn rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà ní ọjà òru nítorí gbèsè. Mo jókòó tì í, mo sì ta tàdáwà pupa sí i bí ẹni ń ta epo sí iṣu. Ibi tí ó ti sọ ọ̀rọ̀ àná bí ẹni pé lónìí ni, mo fa igi lé e. Ibi tí ó ti pe ohun kan ní orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì kì í pè é, mo fa igi lé e. Ní ojú-ìwé 11, mo ka àṣìṣe 104, mo sì kọ iye náà sí ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti í ṣe fún ọmọ iléèwé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ìyàwó mi bi mí pé, "Bàbá Tọ́lá, báwo ni ìtàn ọmọ yẹn ti rí?" Mo dáhùn pé àṣìṣe 104 ni ó wà níbẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe ohun tí mo bi yín nìyẹn."

Ọmọkùnrin náà dúpẹ́, ó gba ìwé rẹ̀, ó lọ. Kò mú òmíràn wá mọ́.

Ohun tí ó gbé ọ̀ràn yìí padà sí mi lọ́kàn ni ìtàn ìgbésí ayé Amos Tutuola tí mo ń kà láìpẹ́ yìí. Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní 1920, nínú ilé Kristẹni tí ń gbin kòkó. Bàbá rẹ̀ kú ní 1939, iléèwé sì parí síbẹ̀ fún un. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì ṣe é fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun ńlá kejì. Ogun tán, iṣẹ́ tán. Nígbẹ̀yìn ó di mẹ́séńjà ní ọ́fíìsì ìjọba tí ń bójú tó ọ̀ràn òṣìṣẹ́ ní Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ bí ó ti rí: láti òwúrọ̀ ni ẹni náà yóò ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí yóò máa retí kí wọ́n fi fáìlì kan rán an láti yàrá kan sí èkejì. Láàárín iṣẹ́ àrán kan sí òmíràn ni ó ń kọ ìtàn lé orí àjákù ìwé.

Ó sọ fún àwọn tí ó bi í léèrè pé lẹ́nu arúgbó kan lóko ni òun ti gbọ́ gbòǹgbò ìtàn náà ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí arúgbó náà ti fún òun ní iṣu sísun àti ẹmu. (Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú fo ti ẹmu náà.) Ọjọ́ méjì ni ó fi kọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ni ó fi ń fẹ̀ ẹ́. Ṣáájú èyí, ó ti kọ ìtàn ọdẹ kan, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀n tí ìwé nípa fọ́tò yíyà jẹ́ iṣẹ́ wọn, ó sì ní òun yóò fún wọn ní fọ́tò àwọn iwin pẹ̀lú! Ìwé náà kò jáde títí di 1982.

Ti ẹlẹ́mu ni ó là. Ó rí ìpolówó ẹgbẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀n tí ń tẹ ìwé Kristẹni, ó sì kó ìtàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Ìtàn ọ̀mu tí ó ń wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú kì í ṣe ohun tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò sọ ọ́ sínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Wọ́n fi í ṣọwọ́ sí ilé ìtẹ̀wé Faber, tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1952 pẹ̀lú orúkọ náà, The Palm-Wine Drinkard. Faber tún ibi díẹ̀ ṣe, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ bí ó ti rí. Wọ́n tilẹ̀ tẹ ojú-ìwé kan tí ọwọ́ Tutuola fúnra rẹ̀ kọ mọ́ inú ìwé náà, pẹ̀lú àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i, kí gbogbo ayé lè rí i. Mo ronú títí lórí ojú-ìwé kan yẹn.

Akéwì ará Wales nì, Dylan Thomas, yin ìwé náà gidigidi nínú Observer ní ọdún kan náà. Níhìn-ín ńkọ́? Àwọn ọ̀mọ̀wé wa bínú. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa pé ó dójú tì wá, pé òyìnbó yóò rò pé báyìí ni gbogbo wa ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ní láti inú ìwé Fágúnwà ni ó ti jí i gbé, èyíinì Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí ilé ìtẹ̀wé C.M.S. tẹ̀ jáde ní 1938. Lóòótọ́ àwọn ìwé méjèèjì jọ ara wọn, ṣùgbọ́n inú kànga àlọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ti pọn omi. Fágúnwà fi èdè wa kọ tirẹ̀, a sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Tutuola gbé irú igbó bẹ́ẹ̀ wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, ni a bá yọ kálámù pupa sí i. Ẹlòmíràn lè ní ǹ bá ti gba ọmọ tí ń lẹ táyà níyànjú pé kí ó fi Yorùbá kọ tirẹ̀. Bóyá. Ṣùgbọ́n n kò ronú kan ìyẹn rárá. Àṣìṣe ni mo ń kà.

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ àwọn abínú wọ Tutuola lára, ó sì lọ sí iléèwé alẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè dára sí i. A dúpẹ́ pé kò sọ kálámù sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ kejì jáde ní 1954, ó sì ń kọ̀wé títí di ọjọ́ ogbó kí ó tó kú ní Ìbàdàn ní 1997. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá fi ìtàn ẹlẹ́mu náà ṣe eré ní èdè Yorùbá, àwọn ènìyàn wa sì rẹ́rìn-ín títí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń ta gírámà nù. Gírámà ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá, mo lọ sí ilé ìyá ọmọkùnrin náà. Nígbà tí mo bèèrè ìwé rẹ̀, ìyá náà wo ilẹ̀. Ó ní, "Kò kọ nǹkan kan mọ́, Bàbá. Ó ní ẹ ti sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n." Ó wọlé, ó sì mú un wá. Ẹ̀yìn ìwé náà ti di àkọsílẹ̀ àwọn tí ó jẹ ẹ́ lówó táyà. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, mo ka ojú-ìwé 11 náà láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì ń tiraka kí n má rí tàdáwà ara mi. Ọmọbìnrin náà ti rìn dé ọjà òru. Ó ti rí ohùn rẹ̀ nínú igbá kan, láàárín igbá àwọn ohùn mìíràn, ẹni tí ó ni ìsọ̀ náà sì ní kí ó ná an. Báwo ni ẹni tí kò lóhùn yóò ṣe ná ọjà? Ibẹ̀ ni ìwé náà parí sí.

Mo ti ránṣẹ́ sí i pé kí ó jọ̀wọ́, kí ó wá sọ ìyókù fún mi. Títí di òwúrọ̀ yìí tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, kò tíì wá.