Ìwé Ni Pèrègún Ayé Òde Òní: Ọ̀rọ̀ Lórí Ilẹ̀ Tí Tẹ̀gbọ́n-Tàbúrò Jọ Rà

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà; àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Bí òwe yìí bá ṣẹ níbì kan lónìí, ó ṣẹ nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Èkó. Ní Ṣómólú àti Bàrígà, láti Pedro títí dé Ìlàjẹ lẹ́bàá ọ̀sà, agbára káká ni òṣìṣẹ́ olówó-oṣù fi lè dá ra ilẹ̀. Ilẹ̀ òfìfo kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Ilé àtijọ́ tí yàrá kọjú sí yàrá ni ó kù fún títà, nígbà tí àwọn ọmọ olóògbé bá fẹ́ sọ ọ́ di owó kí wọn lè pín in. Ìdí nìyí tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò fi ń dáwó jọ ra irú ilé bẹ́ẹ̀, tí wọn ń wó o palẹ̀, tí wọn sì ń kọ́ dúpílẹ́ẹ̀sì sí ojú ilẹ̀ náà: apá kan fún ẹ̀gbọ́n, apá kejì fún àbúrò, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà àti àtẹ̀gùn tirẹ̀.

Kò sí ohun àjèjì nínú èyí. Agbo ilé ni ó wọ ẹ̀wù tuntun. Láyé àtijọ́, bàbá, ọmọ àti ọmọ ọmọ ni wọ́n jọ ń gbé yí àgbàlá kan ká. Bí ọmọkùnrin bá fẹ́ gbéyàwó, ẹbí a fi àyè hàn án, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a bá a ṣe ọ̀wẹ̀, wọn a pọn omi, wọn a po amọ̀, ilé a sì dìde. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fiyè sí. Ogún ni ilẹ̀ agbo ilé. Kò sí ẹni tí ó lè dá a tà láìsí ìfọwọ́sí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé. Ẹni tí ó kọ́lé sí orí rẹ̀ pàápàá kò sọ ilẹ̀ náà di tara rẹ̀. Ilẹ̀ tí ọmọ ìyá méjì fi òógùn ojú wọn rà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹbí ni àwọn tí ó rà á, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kì í ṣe ilẹ̀ ẹbí.

Níbí ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù a fi owó ránṣẹ́. Àbúrò tí ó wà ní Bàrígà a fi tirẹ̀ kún un, a sì tún máa dúró ti àwọn bíríkìlà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni wọn yóò kọ sínú ìwé, nítorí pé òun ni àgbà, tàbí nítorí pé òun ni ó wà nítòsí lọ́jọ́ tí wọ́n san owó. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ìwé àdéhùn, wọn a ní, "Ṣé a jẹ́ àjèjì sí ara wa ni?" Níwọ̀n ìgbà tí àwọn méjèèjì bá wà láàyè, ọ̀rọ̀ lè máa lọ geere. Ikú ẹnì kan ni í tú u síta.

Ní ìlànà àbáláyé, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Àwọn ọmọ ni ó ni ogún bàbá wọn. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin bá gbéyàwó ní ìlànà òfin ìjọba, tí ó sì kú láìṣe ìwé ìhágún, òfin Ìpínlẹ̀ Èkó fún ìyàwó náà ní ìpín. Bí orúkọ àwọn méjèèjì bá wà nínú ìwé láìsí ìpín kankan, òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lè gbà pé ẹni tí ó bá gbẹ̀yìn ni ó ni gbogbo rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ orúkọ ẹnì kan ni ó wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ẹnì kejì ni yóò máa wá ẹlẹ́rìí kiri.

Ìpín olóògbé fúnra rẹ̀ yóò tún pín. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole fi èyí hàn. Olóògbé Suberu Dawodu fi ìyàwó 4 àti ọmọ 9 sílẹ̀ láìṣe ìwé ìhágún. Ṣé ìdí-igi ni kí wọn fi pín in, tí yóò di ọ̀nà 4, tàbí orí-ò-jorí, tí yóò di ọ̀nà 9? Adájọ́ àkọ́kọ́ kò fara mọ́ ìdí-igi. Ilé ẹjọ́ tí ó tẹ̀ lé e yí ìdájọ́ náà padà. Ó di ọdún 1962 kí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù tó fi òǹtẹ̀ lù ú pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, àti pé olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí bí ìjà bá wà. Bí ogún tí àṣà ti là sílẹ̀ bá lè rìn jìnnà tó báyìí, kí ni a óò sọ nípa ilẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó mọ ìpín ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀?

Àwọn kan ń sọ pé ìwé a máa sọ ọmọ ìyá di ọ̀tá. Kí wọn bi ara wọn léèrè: kí ni pèrègún ń ṣe ní ààlà oko? Ọmọ bàbá kan náà ni ó sábà máa ń dáko sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, síbẹ̀ wọ́n gbin pèrègún sí àárín, lójú ẹlẹ́rìí. Kò sí ẹni tí ó pe èyí ní ìkórìíra. Wọ́n mọ̀ pé àwọn fẹ́ràn ara àwọn. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni bóyá ọmọ ọmọ àwọn yóò fẹ́ràn ara wọn. Pèrègún kì í tètè kú, ó sì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹni tí ó gbìn ín kò sí mọ́. Iṣẹ́ tí ìwé ń ṣe lónìí nìyẹn.

Nítorí náà, kí wọn tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, kí wọn kọ iye tí olúkúlùkù dá àti ìpín tí ó kàn án. Kí wọn díye lé iṣẹ́ ẹni tí ó dúró ti ilé kíkọ́, nítorí pé òógùn náà owó ni. Kí wọn sọ ẹni tí ó ni apá ọ̀tún àti ẹni tí ó ni apá òsì, àti bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú kànga, géètì àti òrùlé. Kí wọn fi ẹnu kò pé bí ẹnì kan bá fẹ́ tà, ọmọ ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi lọ̀. Kí orúkọ gbogbo wọn wà nínú ìwé ilẹ̀. Kí wọn má sì gbàgbé pé láti ìgbà Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, ìfọwọ́sí gómìnà pọn dandan nínú irú títà àti rírà bẹ́ẹ̀. Kí agbẹjọ́rò kọ ọ́, kí àgbà ẹbí jẹ́rìí sí i, kí àwọn ìyàwó àti ọkọ wọn mọ̀ ọ́n, kí olúkúlùkù sì ṣe ìwé ìhágún tirẹ̀.

Ìfẹ́ ni ó ń mú kí ọmọ ìyá jọ ra ilẹ̀. Ìfẹ́ kan náà ni ó yẹ kí ó mú wọn kọ̀wé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ máa kí ara wọn ní àtẹ̀gùn ilé náà lẹ́yìn ọ̀la, kí ó gbin pèrègún rẹ̀ lónìí.