Krillin, Ọ̀rẹ́ Goku: Ohun Tí Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Lè Mú àti Ohun Tí Ó Gbọ́dọ̀ Kọ̀

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ikú àti ìyè. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, kò yẹ kí àwa àgbà máa ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tí ẹ ń wò. Ní Ìlọrin yìí, láti Pàkátà dé Gàmbàrí, ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-kéwú dé yóò jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù láti wo Dragon Ball, eré àwòrán ìjà tí Akira Toriyama, ará Japan, bẹ̀rẹ̀ sí í yà sínú ìwé ìròyìn ní ọdún 1984, tí ó sì dé orí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 1986. Ọkùnrin náà kú ní oṣù kẹta ọdún 2024, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ kò kúrò lójú àwọn ọmọ wa.

Bí ẹ bá bi wọ́n pé ta ni wọ́n fẹ́ jọ, Goku alágbára ni wọn yóò dárúkọ. Ẹni tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni Krillin, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọkùnrin kúkúrú tí ó fá orí, tí ó ní àmì mẹ́fà níwájú orí. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan náà ni wọ́n ti kọ́ ìjà ní kékeré. Abánidíje ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ó tó di ọ̀rẹ́. Ènìyàn lásán ni, Goku kì í sì í ṣe ọmọ ayé yìí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, Goku gba iwájú rẹ̀ jìnnà réré. Síbẹ̀ Krillin kò dì í sínú, kò sì kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí Frieza, ọ̀tá tí agbára rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ fíìfíì, ń pa wọ́n lọ, òun ni ó gé ọ̀tá náà ní ìrù, tí ó fà á kúrò níbi tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣubú sí, títí a fi wo ẹni náà sàn.

Ohun tí a lè mú nìyí. Nínú ẹgbẹ́ wa lónìí, gbogbo wa ni ó fẹ́ jẹ́ Goku. Bí a kò bá fi ọ̀dọ́ mìíràn ṣe olórí, yóò kó ọ̀rẹ́ mẹ́rin lẹ́yìn, yóò dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tàfúsírì Ramadan, bí àjànásì kò bá ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun, kí ni ààfáà yóò túmọ̀? Shaykh Adam Abdullah al-Ilori (1917–1992) dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, ó sì gbé e lọ sí Agége ní ọdún 1955. Orúkọ rẹ̀ kò ní parẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kò lè dá kọ́ gbogbo ọmọ ibẹ̀. Ta ni ó mọ orúkọ gbogbo àwọn tí ó kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní álífù àti báù? Ọlọ́hun mọ̀ wọ́n. Àwọn ará Mẹ̀dínà tí ó gba Ànábì sílé ní ọdún 622, Ansar ni orúkọ wọn, èyíinì ni alárànṣe. Wọn kò ka orúkọ náà sí ẹ̀tẹ́.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ̀ nìyí. Ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni Krillin kú nínú eré náà, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni ó sì padà wá. Wọn a kó bọ́ọ̀lù méje jọ, wọn a pe ejò ńlá kan, wọn a tọrọ òkú lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lè sọ pé eré lásán ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje tí kò tíì mọ táòhíìdì dáadáa ń rí i lójoojúmọ́ pé a lè tọrọ ìyè lọ́dọ̀ ẹlòmíràn yàtọ̀ sí Ọlọ́hun.

Ìpalára kejì wà níbẹ̀. Ẹni tí a óò jí dìde lọ́la, kí ni ó fi sílẹ̀ lónìí? Mus'ab ọmọ Umayr, ọmọ olówó ní Mẹ́kà, ni ó di àsíá Mùsùlùmí mú ní ogun Uhud, ọdún 625, títí wọ́n fi pa á. Aṣọ tí ó fi sílẹ̀ kò tó o bò: bí wọ́n bá bo orí, ẹsẹ̀ a yọ, bí wọ́n bá bo ẹsẹ̀, orí a yọ. Kò sí bọ́ọ̀lù méje fún un. Ẹ̀mí kan ṣoṣo tí ó ní ni ó fi sílẹ̀, ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni ó sì ń retí ẹ̀san.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má kàn pa tẹlifíṣọ̀n kí ẹ sì lọ. Ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín, ẹ sọ ibi tí irọ́ wà fún wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí a kò fi ṣe olórí ní ọdún yìí, kí ó mú ìgbálẹ̀ mọ́sálásí. Obìnrin kan wà tí ó ń gbá mọ́sálásí Ànábì. Nígbà tí ó kú tí wọn kò sọ fún Ànábì, ó béèrè sàárè rẹ̀, ó sì kírun sí i lára níbẹ̀.

Kí Ọlọ́hun ṣe wá ní alárànṣe ẹ̀sìn Rẹ̀, kí Ó sì gba iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rí lọ́wọ́ wa. Àmín.