Àwọn gbájúẹ̀ ti ń ka BVN onílé fún onílé: Ohun tí wọ́n ń wá gan-an rèé

Ọgbọ́n tí àwọn gbájúẹ̀ orí fóònù ń dá lásìkò yìí ti yàtọ̀ sí tàtijọ́. Tẹ́lẹ̀, bí ẹni tó pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ báńkì bá pe èèyàn, nọ́ńbà BVN ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Ìyẹn ti kọ́ aráàlú lọ́gbọ́n, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń pa fóònù bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ. Ní báyìí, olè náà kì í béèrè rẹ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ka nọ́ńbà ọ̀hún jáde, yóò pe orúkọ onífóònù pé pérépéré, yóò sọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Yóò tún wá kìlọ̀ pé, “Mọ́mì, ẹ má sọ nọ́ńbà àṣírí káàdì yín fún ẹnikẹ́ni o, títí kan èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.” Ta ni yóò gbọ́ irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní rò pé ọmọlúàbí ló ń bá òun sọ̀rọ̀?

Lẹ́yìn ìkìlọ̀ yìí ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní ìṣòro ti bá akáǹtì rẹ̀, pé bí kò bá tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú, báńkì yóò tì í pa. Nọ́ńbà kan yóò wọlé sórí fóònù rẹ̀, kó sáà kà á fáwọn. Nọ́ńbà yìí gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ pè é. OTP ni wọ́n ń pè é ní báńkì, iṣẹ́ ìbuwọ́lùwé ló sì ń ṣe. Bí èèyàn bá fẹ́ fi káàdì rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kó gbé áàpù báńkì rẹ̀ sórí fóònù mìíràn, báńkì yóò fi í ránṣẹ́ kó lè dá wọn lójú pé ẹni tó lowó ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Bó bá jẹ́ káàdì ni wọ́n dojú kọ, wọ́n á kọ́kọ́ gba nọ́ńbà gbọọrọ tó wà níwájú rẹ̀ àti mẹ́ta tó wà lẹ́yìn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni OTP ń lò kó tó di aláìwúlò, ìdí nìyẹn tí olè kì í fi í jẹ́ kí èèyàn gbé fóònù sílẹ̀. Bí onítọ̀hún ṣe ń kà á níhìn-ín ni ẹnì kan ń tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún.

Àṣìgbọ́ ńlá kan ló la ọ̀nà fún wọn. Láti oṣù kejì, ọdún 2014, tí Báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, ti gbé ètò BVN kalẹ̀, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbà pé ẹni tó bá ti mọ nọ́ńbà 11 yìí ti rí kọ́kọ́rọ́ ilé owó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àmì ìdánimọ̀ ni BVN. Ó so gbogbo akáǹtì tí èèyàn ní ní báńkì kan sí òmíràn pọ̀ mọ́ ìtẹ̀ka àti àwòrán ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi òun nìkan gba kọ́bọ̀ jáde. Èyí ò sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń pín kiri o, nítorí ó wúlò fún olè láti fi pa irọ́ rẹ̀ láró. Ewu ibẹ̀ ni pé ẹni tó gbà pé BVN ni gbogbo àṣírí yóò fọkàn balẹ̀ bí wọn ò bá ti béèrè rẹ̀, yóò sì ka OTP fún àlejò láìfura.

Níbo ni wọ́n ti ń rí orúkọ àti nọ́ńbà wọ̀nyí? Kò dìgbà tí wọ́n bá jí i. Akáǹtì OPay àti PalmPay tí ọ̀pọ̀ èèyàn sá lọ bá nígbà tí owó náírà dàwátì níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nọ́ńbà fóònù oníbàárà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, òdo iwájú nìkan ni wọ́n ń yọ. Ẹni tó bá tẹ nọ́ńbà náà bí ẹni fẹ́ fowó ránṣẹ́, orúkọ ẹni tó ni ín yóò yọ sí i kedere, kódà bí kò bá fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ọjọ́ ìbí wà lórí Facebook. Ẹ̀dà ìwé NIN wà lọ́wọ́ ẹni tó bá èèyàn tẹ̀ ẹ́ lójú pópó. Èyí tó burú jù ni ti oṣù kẹfà, ọdún 2024, nígbà tí ẹgbẹ́ Paradigm Initiative figbe ta pé àwọn kan ń ta NIN, BVN àti àkọsílẹ̀ aráàlú mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní N100 péré. Àjọ NIMC tó ń ṣètò NIN ní kò sẹ́ni tó jálẹ̀kùn wọ ibi tí àwọn ń tọ́jú nǹkan sí. Bí ilẹ̀kùn ò bá já, tí ọjà sì wà ní títà, ìbéèrè wà nílẹ̀ nípa àwọn tí wọ́n fún láṣẹ láti wọlé.

Ìjọba àtàwọn báńkì náà ní ẹ̀bi tiwọn nínú ìbẹ̀rù tí àwọn olè ń jẹ. Ní 2011, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn lọ forúkọ síìmù sílẹ̀. Lóṣù kejìlá, ọdún 2020, wọ́n ní kí wọ́n so NIN mọ́ ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gé e. Lóṣù kejìlá, ọdún 2023, CBN tún pàṣẹ pé akáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN kò ní í ṣeé gbowó nínú rẹ̀ mọ́ tó bá di oṣù kẹta, ọdún 2024. Àṣẹ gidi ni gbogbo èyí, wọ́n sì ní ìdí. Àmọ́ ìyá oníṣòwò tó ti tò sẹ́yìn ìlà NIN látàárọ̀ ṣúlẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé irọ́ ni ti ẹni tó pè é pé wọ́n fẹ́ ti akáǹtì rẹ̀? Báńkì gidi pàápàá a máa pe oníbàárà, a sì máa ní kó kọ́kọ́ sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ káwọn lè mọ̀ pé òun ni. Bó ṣe ń kọ́ ẹni tó gbowó pa mọ́ nìyẹn láti máa dá àjèjì lóhùn.

Òfin wà. Ti ọdún 2015 wà fún ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ aráàlú, èyí tó gbé àjọ NDPC kalẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni owó ń ti akáǹtì kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n á sì gbà á lọ́wọ́ oníPOS.

Nítorí náà, bí ìpè bẹ́ẹ̀ bá wọlé, kí èèyàn pa fóònù, kó wo ẹ̀yìn káàdì rẹ̀, kó sì fúnra rẹ̀ pe nọ́ńbà báńkì tó wà níbẹ̀. Kó má pe èyí tó pè é padà. Ọ̀pọ̀ báńkì ní kóòdù tí wọ́n fi ń ti akáǹtì pa láti orí fóònù èyíkéyìí. Ìgbà tí ara balẹ̀ ló yẹ kó wá a sílẹ̀. Ó dáa kó tún fi nọ́ńbà àṣírí sórí síìmù rẹ̀, torí ẹni tó jí fóònù lè yọ síìmù náà sínú fóònù mìíràn.

Ẹni tó bá ti ka OTP tán kò gbọdọ̀ jókòó máa sunkún. Báńkì yóò sọ fún un pé òun ló gbé àṣírí ara rẹ̀ jáde, ọ̀pọ̀ ló sì ń gba èsì yìí lọ sílé. Bó ti wù kó rí, kó pè wọ́n lójú ẹsẹ̀, kó gba nọ́ńbà ẹ̀sùn rẹ̀, kó sì kọ aago tó pè wọ́n sílẹ̀. Bí owó kankan bá tún jáde lẹ́yìn aago yẹn, báńkì ni kó ṣàlàyé rẹ̀, níwájú ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà ní CBN bó bá gbà bẹ́ẹ̀.