Ẹ̀gún Tí Ó Wà Lẹ́yìn Karaba

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ fíìmù ọmọdé ni. Bí ẹnì kan bá ti sọ fún mi pé èmi tí mo ti lé ní ẹni ogójì ọdún, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Faransé ní CEG, yóò jókòó ti ọmọ mi wo àwòrán yíyà, tí n ó sì dìde kúrò níbẹ̀ kí ọmọ náà má bàa rí omijé mi, ẹ̀rín ni ǹ bá rín. Ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀ sí mi nínú ilé mi ní Pobè, mo sì fẹ́ sọ bí ó ti rí.

Kirikou et la Sorcière ni orúkọ fíìmù náà. Michel Ocelot, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó lo ìgbà èwe rẹ̀ ní Conakry ní orílẹ̀-èdè Guinée, ni ó ṣe é, ó sì jáde ní ọdún 1998. Youssou N'Dour, ọmọ Senegal, ni ó ṣe orin inú rẹ̀. Orí àlọ́ kan láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni a gbé ìtàn rẹ̀ kà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni ó mọ̀ ọ́n. Èmi náà ti mọ orúkọ rẹ̀ tipẹ́, àmọ́ n kò jókòó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rí, àfi ní alẹ́ ọjọ́ tí ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bẹ̀ mí pé kí n wá bá òun wò ó.

Fún ẹni tí kò tíì rí i, ìtàn náà kò le. Kirikou jẹ́ ọmọ tí ó sọ̀rọ̀ láti inú ìyá rẹ̀, tí ó bí ara rẹ̀, tí ó gé ìwọ́ ara rẹ̀. Kò ga tó orúnkún àgbà, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ yá ju ti gbogbo ẹgbẹ́ lọ. Inú ìpọ́njú ni ó bá abúlé rẹ̀. Orísun omi ti gbẹ. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n lọ bá Karaba jà kò padà wálé, àwọn ará abúlé sì gbà pé ńṣe ni ó jẹ wọ́n. Ó ti gba wúrà àwọn obìnrin tán. Karaba yìí ni àkọlé fíìmù náà ń pè ní sorcière.

Gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù rẹ̀. Kirikou nìkan ni ó ń béèrè ìdí tí Karaba fi burú. Ó béèrè lọ́wọ́ ẹni yìí, ó béèrè lọ́wọ́ ẹni yẹn. Àwọn kan lé e, àwọn kan ní kí ó dákẹ́. Níbi tí ọmọ náà ti ń béèrè yìí ni ojú ti kọ́kọ́ tì mí. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti sọ fún ọmọ pé ìbéèrè rẹ̀ kò sí nínú iṣẹ́ òní? Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa tí wọ́n ń pàlọ́ kò sá fún ìbéèrè. Wọ́n ní àlọ́ ìdí abájọ, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó dáhùn sí ìdí tí nǹkan fi rí bí ó ti rí.

Ìyá Kirikou ni ó sọ fún un pé baba àgbà rẹ̀, tí ó ń gbé nínú òkè tí a kà léèwọ̀, ni ó lè mọ ìdí náà. Ọmọ náà wa ihò gba abẹ́ ilẹ̀, ó kọjá lábẹ́ ilé Karaba fúnra rẹ̀, ó sì dé ọ̀dọ̀ arúgbó náà. Ó tọrọ oògùn ìṣọ́ra, arúgbó náà kò fún un. Nígbà náà ni akọni kékeré yìí gun itan baba àgbà rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ pé ó ti rẹ òun láti máa dá jà, pé ẹ̀rù a máa ba òun nígbà mìíràn. Arúgbó náà gbé e mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni ó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un. Àwọn ọkùnrin kan ni wọ́n di Karaba mú, tí wọ́n ti ẹ̀gún olóró bọ eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀gún náà ń dùn ún tọ̀sán-tòru, láti inú rẹ̀ sì ni agbára rẹ̀ ti wá. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́, nítorí ìrora yíyọ rẹ̀ yóò tó ti ọjọ́ tí wọ́n ti í bọ̀ ọ́.

Ọmọ mi kò wo ojú mi. Ojú rẹ̀ wà lára àwòrán nígbà tí ó béèrè pé: "Bàbá, ṣé wọ́n gún Ìyá Sakété náà ní ẹ̀gún ni?"

Mo ní mo fẹ́ lọ mu omi. N kò tètè padà.

Ìyá Sakété ni àbúrò ìyá bàbá mi. Ó bí ọmọ márùn-ún, ó sì sin márààrún. Lẹ́yìn ikú ẹ̀kẹta ni ẹbí ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ tún kú, ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ di ìdájọ́. Wọ́n kìlọ̀ fún àwa ọmọdé pé a kò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun láti ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó fi ewé pọ́n àkàrà gbígbóná fún mi. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo dúpẹ́. Bí mo ti yí igun ògiri, mo sọ ọ́ sínú gọ́tà. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí ó ń wò mí. Kò sọ nǹkan kan. Kò sì fún mi ní nǹkan kan mọ́ títí di òní. Ohun tí ó burú jù ni pé èmi náà ti kọ́ ọmọ mi láti máa kí i láti òkèèrè.

Àwa tí a gbọ́ èdè méjì, ó yẹ kí a fi ọ̀kan yẹ èkejì wò. Bí a bá rí sorcière nínú ìwé, àjẹ́ ni a máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí láìronú. Ṣùgbọ́n èdè wa tún ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún àwọn tí ó ní irú agbára bẹ́ẹ̀. "Àwọn ìyá wa" ni a ń pè wọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nítorí wọn ni a ṣe ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun ìní àgbàyanu aráyé, tí àwa ará Bẹ̀nẹ̀, àwọn ará Nàìjíríà àti àwọn ará Tógò jọ ni. Ọkùnrin ni ó ń gbé e, aṣọ obìnrin ni ó sì ń wọ̀. Orin, ijó àti ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń tu àwọn ìyá lójú, ẹnikẹ́ni kì í mú idà lọ síbẹ̀. Ohun tí Kirikou lọ kọ́ lọ́dọ̀ baba àgbà rẹ̀, àwọn baba tiwa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ìbéèrè mi ni pé báwo ni a ṣe ń tu gbogbo ìyá lójú ní ojúde ọjà, tí a sì ń fi ojú pa ìyá kan ṣoṣo rẹ́ nínú agbo ilé?

Àwọn àgbà sọ pé ẹni ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ní í ṣe lákáǹlákà tọ alábẹ lọ. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ẹ̀gún Karaba wà, níbi tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ kò tó. Ẹni tí irú ẹ̀gún bẹ́ẹ̀ bá gún, alábẹ ni ó yẹ kí ó tọ̀ ọ́ lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, èmi àti ọmọ mi wọ ọkọ̀ láti Pobè lọ sí Sakété. Mo dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá. Ó wò mí títí, ó sì béèrè pé: "Ta ni ó kú?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, nítorí mo mọ̀ pé bí kò bá sí òkú, ẹnikẹ́ni nínú wa kì í yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní kò sí ẹni tí ó kú, pé a kàn wá kí wọn ni. Ó wọlé, ó gbé ẹ̀pà sísè jáde, ó gbé e kalẹ̀ láàárín wa, kò sì fi lọ̀ wá. Ọmọ mi wo ojú mi. Mo mú, mo jẹ. Òun náà jẹ.

Lẹ́yìn náà ni mo béèrè orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè rí. Ó pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí àkọ́bí dé orí àbíkẹ́yìn. Ó sọ èyí tí ó fẹ́ràn orin, ó sọ èyí tí kò tíì rìn. Ibà ni ó pa méjì nínú wọn láàárín oṣù kan ṣoṣo, ní abúlé oko tí kò sí ilé ìwòsàn nítòsí. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti pe orúkọ wọn sétí ènìyàn. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì nítorí àkàrà ọjọ́ kìíní, ẹnu mi kò gbà á. Òun náà kò sì mẹ́nu kàn án.

Nínú fíìmù náà, nígbà tí Kirikou fi eyín fa ẹ̀gún yọ, Karaba bọ́ lọ́wọ́ ìrora, òdòdó sì hù yí i ká. Síbẹ̀, nígbà tí ó dé abúlé, àwọn ènìyàn kò gbà gbọ́, wọ́n sì fẹ́ pa á. N kò tan ara mi jẹ. Òdòdó kankan kò hù ní Sakété lọ́jọ́ náà, ìbẹ̀wò kan kò sì lè fa ẹ̀gún ogójì ọdún yọ. Àwọn kan nínú ẹbí ti gbọ́ pé mo jẹun níbẹ̀, wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí mi pé kí n ṣọ́ ọmọ mi.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mo ní irú ìyá bẹ́ẹ̀ nínú agbo ilé. Bí ọmọ yín bá béèrè ìdí tí a kì í fi í lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé kí ó dákẹ́. Ní tiwa, a ó tún lọ sí Sakété lóṣù tí ń bọ̀. Ọmọ mi ti ń béèrè ọjọ́ náà.