Níbo La Fẹ́ Kó Àwọn Ọmọ Lọ Lọ́jọ́ Ọdún?

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tó wà ní Jos, ní Bukuru àti káàkiri ìpínlẹ̀ Plateau, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí àwọn kan, ṣùgbọ́n ó ju eré lọ. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, lọ́jọ́ Iléyá, àti lọ́jọ́ àyájọ́ àwọn ọmọdé tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, ìbéèrè kan ṣoṣo làwọn ọmọ máa ń bi òbí wọn: níbo là ń lọ? Òbí tí kò bá rí èsì fọ̀ yóò ní kí wọ́n lọ jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n. Kí ló dé tí èsì ìbéèrè kékeré yìí fi wá ṣòro tó báyìí?

Kì í ṣe pé ìlú yìí kò ní ibi ìgbafẹ́. Ọdún 1952 ni Bernard Fagg dá ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Jos sílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti fi amọ̀ mọ irú ilé tí àwọn baba ńlá wa ń gbé, tó fi dórí ògiri Kano àti mọ́ṣáláṣí Zaria. Nígbà tó di ọdún 1972, lásìkò tí Joseph Gomwalk jẹ́ gómìnà Benue-Plateau, wọ́n dá ọgbà ẹranko ńlá tí gbogbo wa mọ̀ sí Jos Wildlife Park sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti di ìyá àti bàbá lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fojú rí kìnnìún. Ìdílé á gbé ìrẹsì sínú kúlà, wọ́n á ká ẹní dání, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Ta ló wá lé wa kúrò níbẹ̀?

Ìbẹ̀rù ló kọ́kọ́ lé wa. Rògbòdìyàn oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ti oṣù kọkànlá ọdún 2008 àti ti ọdún 2010 kò ní í tán lọ́kàn ẹnikẹ́ni tó gbé ìlú yìí. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 2010, bọ́ǹbù dún ní Jos. Lọ́jọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 2014, bọ́ǹbù méjì tún bú gbàmù ní Terminus, èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló bá a lọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ lọ́jọ́ ọdún. Kò sẹ́ni tó lè bá wọn wí.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù yẹn tún ṣe ohun mìíràn. Ó pín ìlú sí méjì: àdúgbò onígbàgbọ́ lọ́tọ̀, àdúgbò mùsùlùmí lọ́tọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè wà ní Jos tí kò tíì bá ọmọ ẹlẹ́sìn kejì ṣeré rí. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ. Nínú ilé wa, bàbá lè jẹ́ Alhaji kí àbúrò rẹ̀ jẹ́ díákónì. Ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésìmesì, inú ìkòkò kan náà la ti ń sè é. Ibi ìgbafẹ́ wà lára ibi díẹ̀ tó ṣẹ́ kù tí ọmọ ẹlẹ́sìn méjèèjì ti lè tò sórí ìlà kan náà láti gun jangirọ́fà kan náà. Bí irú ibẹ̀ bá kú, ohun tí a ń ṣe nínú ilé wa kò ní í rí ibi ìta tí yóò ti tàn ká.

Ìkejì ni àìtọ́jú àti owó. Ní oṣù kejìlá ọdún 2015, kìnnìún kan jáde nínú àgò rẹ̀ ní ọgbà ẹranko náà, ńṣe ni wọ́n yìnbọn pa á. Bí àgò ẹranko kò bá rí àtúnṣe, ta ni yóò fọkàn balẹ̀ gbé ọmọ jókòó sórí ẹ̀rọ ìṣeré tó ti dípẹtà? Ní ti owó, kí wọ́n tó kéde yíyọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà epo kò tó 200 náírà. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti kọjá 1,000. Ẹ wá ṣírò ti bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin: kẹ̀kẹ́ NAPEP méjì ní àlọ, méjì ní àbọ̀, owó géètì orí mẹ́fà, owó eré kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ká má tíì dárúkọ ohun mímu. Owó oúnjẹ ọjọ́ bíi mélòó kan ti lọ nìyẹn.

Bí òbí kò bá sì mú ọmọ jáde, ọmọ yóò mú ara rẹ̀ jáde. Gbogbo wa la mọ àwọn kòtò omi tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ káàkiri Bukuru, Barkin Ladi àti Rayfield. Ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń lúwẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni omi sì ti gbé ọmọ púpọ̀ lọ. Ibòmíràn tí wọ́n ń sáré lọ ni òde ọ̀fẹ́. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa, ní Islamic High School, Baṣọ̀run, Ìbàdàn, lọ́jọ́ 18 oṣù kejìlá ọdún 2024. Wọ́n kéde ọjọ́ ìgbádùn fún àwọn ọmọdé, pé ọmọ bí 5,000 ni àwọn ń retí, pé ẹ̀bùn wà, ìrànwọ́ owó ilé ìwé wà. Èrò tó ya bò wọ́n ju ohun tí ibẹ̀ lè gbà lọ. Ọmọ 35 ló kú níbi tí wọ́n ní kí wọ́n wá ti rẹ́rìn-ín. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin sí i tí èèyàn tún kú nídìí oúnjẹ ọ̀fẹ́ ní Abuja àti ní Okija, ìpínlẹ̀ Anambra.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé títẹ̀ mọ́lẹ̀ nìkan ló ń pani nínú irú èrò bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àìrí èémí mí ló ń pa èyí tó pọ̀ jù. Bí èrò bá fún mọ́ra débi tí àyà kò ráyè gbé sókè, èèyàn lè kú lórí ìdúró. Ọmọdé ló máa ń kọ́kọ́ kàgbákò, nítorí ìbàdí àgbàlagbà ni orí rẹ̀ mọ, atẹ́gùn kò sì dé ibẹ̀. Àwọn ẹ̀yìn kò mọ̀ pé àwọn iwájú ti ṣubú, wọn ò ní í yé tì. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tó há, pẹ̀lú ohun ọ̀fẹ́ tí kò lè kárí, iná àti ẹ̀tù ni.

Àwọn kan á ní, nínú ọ̀wọ́n gógó yìí, ta ló ń sọ̀rọ̀ eré? Èsì mi ni pé ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Ọmọ yóò ṣeré dandan. Ohun tó kù ni bóyá níṣojú wa ni tàbí lẹ́yìn wa.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Kí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, ìjọ àti àsàlátù wa jọ gba bọ́ọ̀sì kan pọ̀, kí owó lè fúyẹ́ fún olúkúlùkù. Kí a má ṣe mú ọjọ́ ọdún gan-an, ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin rẹ̀ ni kí a mú, nígbà tí èrò ti fà. Kí a ka iye ọmọ tó ń lọ, kí àgbàlagbà kan má ṣe mójú tó ju ọmọ mẹ́rin lọ. Kí a fi ìwé tí nọ́ńbà fóònù òbí wà lára rẹ̀ sínú àpò ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn mọ abẹ́ igi tí a ó ti pàdé bí ẹnì kan bá sọ nù. Ẹ̀rọ tó bá ń dún kẹ́kẹ́ tàbí tó ti dípẹtà, ọmọ wa kò gbọdọ̀ gùn ún. Kí a pe ọmọ Berom, ọmọ Hausa àti ọmọ Ìgbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa mọ́ tiwa.

Kí ìjọba náà ṣe tirẹ̀. Kí wọ́n ṣàyẹ̀wò àwọn ẹ̀rọ ìṣeré kí ọdún tó dé, kí ibi ìgbafẹ́ ní ju ẹnu ọ̀nà kan lọ, kí wọ́n mọ ọgbà yí àwọn kòtò kùsà tó wà láàrin ilé ká. Owó orí tí à ń san kò ní àmì pé ti àlejò ni.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. A ti pẹ́ lọ́jà Jos yìí, àwọn ọmọ wa kò sì mọ ilé mìíràn. Ẹ jẹ́ ká bá wọn tún orí ṣe. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fojú sunkún ọmọ. Àmín.